Tíì Ilé Oníbúrẹ́dì

Ọwọ́yá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é. Àwa tí a jọ ń já ewé tíì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ó bá wọ àárín ìlà igi tíì láàárọ̀, tí ìrì ṣì ń kán, ojú kì í lè tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Etí lèèyàn fi ń mọ ibi tó dé: pá, pá, pá, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ewé méjì àti ọ̀mùnú tó wà láàárín wọn ló ń já, kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀. Á sọ ọ́ sẹ́yìn, sínú apẹ̀rẹ̀ tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, láìbojú wẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, á tún máa bá ẹni tó wà ní ìlà kejì sọ̀rọ̀ ọmọ, sọ̀rọ̀ ọkọ, sọ̀rọ̀ eyín tó ń dùn ún. Èmi ni mo máa ń wà ní ìlà kejì yẹn.

Bí ẹ kò bá tíì rí igi tíì rí, ẹ má rò pé koríko ni. Bí a bá fi í sílẹ̀, á ga ju ilé lọ. Àwa la máa ń gé e lórí kó má baà kọjá ìbàdí, kí ọwọ́ lè tó o, kó sì lè máa rúwé tuntun. Bí a bá já a lónìí, kò ní pẹ́ tí á tún fi yọ ọ̀mùnú mìíràn. Bí a kò bá já a, ọ̀mùnú yẹn á le, á di ewé lásán, igi náà á sì gbàgbé pé iṣẹ́ wà lọ́rùn òun. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lóko tíì fi kì í sinmi.

Oko tí Ọwọ́yá ń já, ti ìdílé ọkọ rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wọn, ó sì gùn lọ sórí òkè. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ìṣó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ wọn ti lọ kàwé ní ìlú mìíràn. Ẹni kẹta tó kù nínú ilé ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí àwa ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì.

Nígbà tí agbára ṣì wà lára Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kì í jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ààrò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé fi bíríkì àti amọ̀ mọ, tí orí rẹ̀ rí roboto. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè gbé àpò ìyẹ̀fun mọ́, búrẹ́dì inú ọ̀rá sì kún ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ààrò tì, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di iṣẹ́ ṣíṣe.

Kò sí ìjà láàárín òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọwọ́yá á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ìyá á dáhùn, ó parí nìyẹn. Bí Ọwọ́yá bá se ọbẹ̀, ìyá á tọ́ ọ wò, á ní, “Iyọ̀ wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò mọ̀nà.” Bí ó bá gbálẹ̀, ìyá á ní, “O ti gbá àárín. Àwọn igun ń retí ẹ.” Ọwọ́yá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gba oko rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, bí àlejò méjì tó pàdé nílé ìtura.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi lókè tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a já ewé tán, a to apẹ̀rẹ̀ sí etí títì, a ń retí lọ́rì ilé iṣẹ́ tíì tó máa ń wá wọn ewé wa, tí á sì kó o lọ lọ́jọ́ náà. Oòrùn yí, a kò gbọ́ ìró lọ́rì. Ọwọ́yá pe awakọ̀ náà lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?”

“Mi ò tíì dé ibì kankan. Afárá ti lọ.”

“Ó lọ síbo?”

“Omi ló gbé e lọ, àbúrò mi. Mo dúró ní òdìkejì níbí, mò ń wo omi, omi náà ń wò mí. Ẹ kó ewé yín lọ sílé.”

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ewé tíì tí a ti já kì í dúró de èèyàn. Ọwọ́yá ti ọwọ́ bọ àárín apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Bí ewé tútù bá ti wà lórí ara wọn, wọ́n á máa gbóná, wọ́n á máa dúdú, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kan. Ohun tó dé bá tiwa nìyẹn. A da gbogbo rẹ̀ sí ìdí igi. Wọ́n ní ó máa tó oṣù mélòó kan kí afárá tó ṣeé gbà, a kò sì lè bẹ igi kó dá ọ̀mùnú dúró ná.

Àwọn kan nínú wa ń já a dànù kí oko má baà bàjẹ́. Àwọn mìíràn fọwọ́ lẹ́rán. Ọwọ́yá kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó sọ fún mi láàárín ìlà pé, “Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń se oúnjẹ tó sì ń dà á sínú kòtò.” Lẹ́yìn náà ló ní òun máa ṣe é fúnra òun.

“Ṣe kí ni?” ni mo bi í.

“Tíì ni. Kí la tún ń fi ewé tíì ṣe?”

Mo rẹ́rìn-ín títí ewé fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ohun tó gbójú lé. Kó tó wọlé ọkọ, ó ti ṣiṣẹ́ ìgbálẹ̀ rí nínú ilé iṣẹ́ tíì, ó sì ti gbálẹ̀ yàrá ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ̀ pé wọ́n máa ń tẹ́ ewé sórí nẹ́ẹ̀tì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i títí á fi rọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń yí i, tó ń lọ́ ọ, títí omi ara rẹ̀ á fi jáde. Ó rántí yàrá títutù tí wọ́n ti ń tẹ́ ewé tí wọ́n ti yí sílẹ̀ jẹ́ẹ́, tí á kúrò ní àwọ̀ ewé, tí á máa pọ́n bọ̀ bí idẹ àtijọ́. Ó sì rántí ẹ̀rọ gbàǹgbà tó ń fẹ́ ooru sí i títí á fi gbẹ. Rọ, yí, pọ́n, gbẹ: ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orin. Ṣùgbọ́n pé èèyàn mọ orin kò ní kí ohùn rẹ̀ dùn.

Ó kọ́kọ́ tẹ́ ewé sórí ẹní ní pálọ̀. Káfíńtà ti ibi iṣẹ́ dé, kò rí ibi jókòó, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ jẹ lórí ìdúró láìbéèrè ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì, ewé ti rọ, Ọwọ́yá dà á sínú odó, ó gún un. Ó gún un jù. Ohun tó bu jáde kò yàtọ̀ sí oògùn tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ó tẹ́ ẹ, ó dúró kó pọ́n, ó wá gbé e ka iná igi nínú agbada. Èéfín wọ inú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó se é, ó gbé ife kan fún ọkọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún ìyá.

Káfíńtà mu ún, ó gbé e mì.

“Ó dáa,” ni ó wí.

“Òótọ́?”

“Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá lá ìdí ìkòkò. Àmọ́ ó dáa.”

Ìyá kò gbé tirẹ̀ mì rárá. Ó tu ú jáde gba ojú fèrèsé, ó nu ẹnu, ó ní, “Ṣé tíì la mu ni àbí ilé ló jóná?”

Ọwọ́yá kó ife kúrò nílẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀kejì, ó sá fún èéfín, ó sá fún iná, ewé náà kò gbẹ dé inú, ó bu funfun nínú agolo. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó pa odó tì, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọpọ́n, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fún ewé bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ibi tó ti ń ṣe é ló ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí ni ewé yẹn ṣe fún ọ?”

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ògiri.

“Mò ń yí i ni, màmá.”

“Ò ń yí i? Ò ń fìyà jẹ ẹ́ ni. Aṣọ kọ́ lò ń fọ̀. Dìde níbẹ̀.”

Ọwọ́yá dìde. Ó sọ fún mi pé òun rò pé ìyá fẹ́ da ewé náà nù ni. Ìyá bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ bí ìgbà tó ń ṣe búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n gbé pátákó tí òun fi ń po ìyẹ̀fun wá láti orí àjà. Eruku ti bo pátákó náà, wọ́n nù ún. Ó kó ewé sórí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a jọ di òkìtì kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Kò fún un, kò lù ú. Ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ń dá a sílẹ̀ kó mí, ó ń tún un gbá jọ. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra bí òwú, omi ara rẹ̀ yọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn tútù kan sì gba ẹ̀yìnkùlé.

“Wò ó,” ni ìyá wí, “ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, ewé bẹ́ẹ̀. Tó bá ń ta kò ọ́, sinmi. Tó bá ti ń rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, máa bá a lọ. Ó yá, gbé ọwọ́ tìrẹ wá.”

Wọ́n jọ yí i. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ tútù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dáadáa, tó ń rùn bí èso tó pọ́n lórí igi, ìyá bi í léèrè ibi tó fẹ́ gbẹ ẹ́ sí.

“Inú agbada náà ni, màmá.”

“Kí èéfín tún pa á? Kí ni ààrò mi ṣe?”

Ọwọ́yá lọ sí ìdí ààrò, ó yọjú wò ó, ó padà wá.

“Màmá, adìyẹ wà nínú ààrò.”

“Mo mọ̀.”

“Ó ń sàba.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo kó koríko sí i.”

“Ká gbé e kúrò ńkọ́?”

“Wọn kì í lé abiyamọ kúrò nílé. Jẹ́ kó pamọ tán.”

Bí ewé tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣe di ohun tí wọ́n sá sí oòrùn nìyẹn, tí òjò sì pa á. Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, ìṣó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dúró de adìyẹ. Bí wọ́n ti ń dúró, Ọwọ́yá ń já ewé ráńpẹ́ wálé, òun àti ìyá ń yí i kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn, Káfíńtà sì ń fi igi àti nẹ́ẹ̀tì kan àwọn àtẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa wọ ẹnu ààrò láìfara kan ògiri rẹ̀. Nígbà tí adìyẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ìyá fúnra rẹ̀ ló gbá koríko kúrò. Wọ́n fi amọ̀ dí ibi tó ti sán.

Ìyá kọ́ Ọwọ́yá bí wọ́n ṣe ń dá iná sínú ààrò lọ́hùn-ún, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀, títí bíríkì á fi gbóná dé inú egungun. Wọ́n á wá wọ́ ẹyín iná àti eérú jáde pátápátá, wọ́n á fi àkísà tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí iná mọ́, kò sí èéfín, ooru nìkan ló kù. Ọwọ́yá béèrè bí òun ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó.

“Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́,” ni ìyá wí. “Tó bá jẹ́ búrẹ́dì la fẹ́ gbé wọlé, ‘ẹ káàárọ̀’ péré ni ọwọ́ á lè sọ kó tó sá jáde. Ewé yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè kí onílé, kó béèrè ọmọ, kó béèrè iṣẹ́, kó tó ní ó yá òun ń lọ.”

Lọ́jọ́ yẹn, tíì náà gbẹ. Ó dúdú, ó lọ́, ó ń dún ṣakaṣaka lọ́wọ́. Wọ́n se é, ó pupa fòò nínú ife, kò sí òórùn iná kankan lára rẹ̀. Káfíńtà mu ife tirẹ̀ tán, ó na ife síwájú. Ìyá fara balẹ̀ mu tirẹ̀. Ó wo inú ife, ó tún mu ún.

“Ṣúgà ńkọ́?” ni ó béèrè.

“Mi ò fi sí i, màmá.”

“Má fi sí i.”

Ọwọ́yá mọ̀ pé látọjọ́ tí òun ti wọ ilé yẹn, òun kò tíì gbọ́ ìyìn tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá kan wà ní ìdíkọ̀ wa tó ń ta tíì gbígbóná, Onítíì là ń pè é. Láti ìgbà tí afárá ti lọ, ọjà kò wọlé mọ́, èyí tó ní lọ́wọ́ sì ti tán. Àwọn èrò sì ń pọ̀ sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń já wọn sí kí wọ́n tó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí kì í gbé ẹrù ńlá. Ọwọ́yá di tíì sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ. Onítíì bù díẹ̀ sínú kẹ́tù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bojú wo Ọwọ́yá.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Àwa nílé ni.”

“Ìwọ àti ta ni?”

“Èmi àti màmá.”

“Màmá wo? Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ní búrẹ́dì mi ò wú láyé ọjọ́sí? Ó ṣì ń mí?” Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. “Kó ìyókù wá.”

Kò pẹ́ tí àwa aládùúgbò náà fi ń kó ewé lọ sílé wọn. Àwa tí a bá lè yí ewé á jókòó yí i, ìyá á máa rìn láàárín wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, á máa ní, “Ìwọ, ọwọ́ rẹ le jù, ṣé ọkọ rẹ lò ń rò ni?” A ń rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ mọ̀ pé ahọ́n àti eyín a máa jà. Onítíì ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan pé èrò pọ̀, kí wọ́n tètè gbé tíì wá. Ọwọ́yá wọ́ ẹyín iná jáde, ó ti ọwọ́ bọ ààrò, ó sì yá a lára láti gbé àtẹ wọlé.

“Kò tíì ṣe,” ni ìyá wí láti orí àga rẹ̀. “Ó ṣì gbóná jù.”

“Màmá, ó ti tó. Wọ́n ń dúró dè mí.”

“Mo ní kò tíì ṣe.”

Ọwọ́yá gbé e wọlé. Nígbà tó máa fi yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti jó, iṣẹ́ àwa èèyàn bí i mélòó kan ló di èédú.

“Bí èèyàn bá mọ ààrò ju ẹni tó ni ín lọ, ohun tí ojú ń rí nìyẹn,” ni ìyá wí.

Ìbínú ti gun Ọwọ́yá, ìtìjú sì wà níbẹ̀. Ó dáhùn láìrò ó: “Ẹ̀yin lẹ ni ààrò, èmi ni mo ni ewé.”

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ewé tó wà níwájú wa. Ìyá dìde, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Káfíńtà ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ káàkiri inú ilé. “Màmá ní kí n sọ fún ọ pé fèrèsé ṣí sílẹ̀.” “Sọ fún màmá pé mo ti rí i.” “Ó ní òun ti rí i, màmá.” Nígbà tó sú u, ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó dúró sáàárín pálọ̀.

“Káfíńtà ni mí o,” ni ó wí. “Èmi kì í ṣe fóònù.”

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣiṣẹ́, bóyá ewé ni, n kò mọ̀. Ọwọ́yá ti tẹ́ ewé sórí àtẹ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé oko kò mọ̀ pé ìjà wà nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde, ó bá ìyá tó ti dúró nídìí àtẹ, tó mú ewé kan lọ́wọ́, tó ń tẹ igi ìdí rẹ̀ wò bóyá ó máa ṣẹ́. Kò ṣẹ́, ó tẹ̀.

“Ó ti rọ,” ni ìyá wí láìwo ẹ̀yìn. “Tí a kò bá yí i báyìí, á kọjá.”

Ọwọ́yá kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi ni.”

“Ọ̀rọ̀ wo? Mo ti darúgbó, mo máa ń gbàgbé.”

“Ẹ ò gbàgbé, màmá.”

“Mi ò gbàgbé. Lọ fọwọ́.”

Wọ́n jókòó ti pátákó, wọ́n ń yí i. Ìyá tún sọ̀rọ̀, kò sì gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ ọ́.

“Gbogbo èèyàn rò pé ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló jẹ́ kí n pa ààrò tì. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́. Àmọ́ o ti ń gbé ilé yìí látọjọ́ yìí, o ò bi mí rí pé báwo ni wọ́n ṣe ń dá iná sí i.”

Ọwọ́yá dá ọwọ́ dúró. “Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, màmá.”

“Èmi náà, ẹ̀rù ọwọ́ rẹ ló ń bà mí. Ó yá jù. Mo rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó báyẹn, kí ló fẹ́ fi àgbà ṣe?”

Ọwọ́yá ló sọ ọ́ fún mi. Ó ń bá ewé yíyí lọ. Nígbà tó yá, òun náà béèrè ohun kan. Ó ní ooru tó pọ̀ jù fún tíì, tí wọ́n máa ń jókòó dúró dè kó rọlẹ̀, ṣé kò tó láti yan nǹkan mìíràn? Ìyá wò ó. Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà ra ìyẹ̀fun wá. Láti ìgbà náà, búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ wọ ààrò, nígbà tí ọwọ́ kò lè sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Tí búrẹ́dì bá jáde, tí ooru ti rọlẹ̀, tíì á wọlé. Kò sẹ́ni tó tún ní láti jà lórí bóyá ó ti tó.

Wọ́n parí afárá nígbà tí òjò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí lọ́rì máa padà wá ku ọ̀la, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà ní ó dára kí ewé padà sílé iṣẹ́, kí àwọn èèyàn òun lè sinmi. Ó rẹ Ọwọ́yá lóòótọ́. Apá ń ro ó, oko kò sì dín kù. Ó wo ìyá, ó ń retí kó sọ nǹkan. Ìyá, tó máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ sí iyọ̀, sí ìgbálẹ̀, sí bí oòrùn ṣe ń ràn, kò sọ nǹkan kan. Ó ń fi ọwọ́ kan pa èkejì, ó ń wo ìta.

Láàárọ̀, a gbé apẹ̀rẹ̀ wa lọ sí etí títì. Lọ́rì dé, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, a kí ara wa bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ó wọn ewé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan Ọwọ́yá.

“Àbúrò mi, ìdajì ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí. Ọwọ́ kò yá mọ́ ni?”

“Ó yá. Èyí tó wà lápá òkè ni mo gbé wá. Èyí tó wà nítòsí ilé ní ibi tó ń lọ.”

“Ibo ló ń lọ?”

Ó bu tíì fún un láti inú fúláàsì tó gbé dání. Awakọ̀ náà mu ún, ó tún wo inú ife.

“Ilé iṣẹ́ wa kọ́ ló ṣe èyí.”

“Tiwa ni,” ni Ọwọ́yá wí. “Màmá ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ẹ pe ewé wa ní ìdajì.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè yí ewé púpọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbé àtẹ wọ ààrò kí wọ́n má bi í. Onítíì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀melòó kan pé kí wọ́n mọ ààrò kejì, òun máa rí oníbàárà fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́yá gbọ́ ọ tán, ó fún un ní àga, ó gbé ife kan lé e lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ ká mu èyí tó wà ná,” ni ó wí, ó sì lọ ṣí aṣọ orí ewé wò, bóyá ó ti pọ́n.